Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pa ìyá wọn, òtútù sì ti wọlé: báwo ni kí n ṣe tọ́ òròmọdìyẹ méje yìí?

Màmá Ìbejì (Chatham, Kent), 12 oṣù kẹwàá

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú òtútù. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá ni.

Adìyẹ mẹ́rin ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé wa. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, pupa kan tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù, di àwátì. A wá a títí, a gbà pé nǹkan ti gbé e. Àṣé abẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà láàárín ọgbà tiwa àti ti aládùúgbò wa tó ní àkùkọ ló lọ ń sàba sí. Ní ọjọ́ kejì oṣù yìí, ló bá dédé jáde sí wa láàárọ̀, òròmọdìyẹ mẹ́sàn-án ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ní alẹ́ ijẹta, mi ò ti ilẹ̀kùn ilé wọn dé ibi tó yẹ kó dé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti wọlé kí n tó jí. Ó gbé ìyá wọn lọ, ó pa méjì nínú àwọn ọmọ. Méje ló ṣẹ́kù. Inú igun ni mo ti bá wọn, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bíi pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n.

Mo kó wọn sínú páálí ní kíṣìnì. Mo rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé e sáàárín wọn. Ẹ̀kọ àti ìrẹsì ni mò ń fọ́ fún wọn. Wọ́n ń ké ṣáá. Ṣé inú ilé ni wọn yóò wà títí òtútù á fi lọ ni, àbí wọ́n ṣì lè jáde? Ọmọ tí adìyẹ bá pa nígbà oòrùn á ti gbó kí yìnyín tó dé, àwọn tèmi yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá hùyẹ́ nínú oṣù kọkànlá ni. Ọkọ mi ní kí n wá ẹni tó lóko, kí n kó wọn fún un. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí ìyá wọn kú.

Bàbá Alágò (Doncaster), 12 oṣù kẹwàá

Màmá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyá wọn sílẹ̀ ná, nítorí alẹ́ òní ló ṣe pàtàkì jù.

Kí ẹ tó sùn, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹsẹ̀ wọn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo wí o, ọwọ́ àgbà ti le jù, kì í mọ nǹkan wọ̀nyí. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù nini, òtútù ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ẹ má tíì fún un lóúnjẹ. Ẹ fi sí àyà, kí ẹ daṣọ bò ó, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí ẹsẹ̀ náà á fi móoru. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi tó lọ́ wọ́rọ́, oúnjẹ ló kẹ́yìn. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá tutù kò lè da ohun tó bá jẹ.

Ìgò omi yín dáa fún wákàtí méjì péré. Tó bá di aago mẹ́ta òru, ìgò náà á ti tutù, wọn á sì tún rọ̀gbà yí i ká, òun á wá máa fa ooru ara wọn. Ẹ gbé àlámù sí fóònù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo mọ̀ pé ó nira, alẹ́ kan ni.

Lọ́la, ẹ lọ ra pátákó amóoru tí wọ́n ń tà fún òròmọdìyẹ. Ó rí pẹlẹbẹ, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí a lè gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló ń gbóná. Àwọn ọmọ á wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn wọn á kàn án, ooru á máa bá wọn láti òkè bí ìgbà tí ìyá wọn ràdọ̀ bò wọ́n. Bí wọ́n bá ń ga, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Òun ni mo fi rọ́pò ìyá fún gbogbo ọmọ tí mo ti tọ́ láìní ìyá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Irun múlọ́múlọ́ tó wà lára wọn yẹn kì í ṣe ìyẹ́, kò lè dá ooru dúró. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 35°C ni ara wọn ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, a óò máa dín in kù ní nǹkan bí 3°C lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ìyẹ́ á fi bo gbogbo ara wọn ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tiyín ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wà ní 32°C. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni kí ẹ máa wò ju tẹmómítà lọ. Bí wọ́n bá gun orí ara wọn tí wọ́n ń ké fatafata, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí ooru, tí wọ́n lanu, tí ìyẹ́ apá wọn wó sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá fara pọ̀ sápá kan, atẹ́gùn ń gba apá kejì wọlé. Èyí tí ara bá tù á sùn gbalaja bí òkú, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Nọ́ọ̀sì Leeds, 13 oṣù kẹwàá

Ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀ tí mo fi rí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Alágò wí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gílóòbù iná pupa ńlá tí wọ́n fi ń mú òròmọdìyẹ móoru lọ̀ yín nítorí pé owó rẹ̀ kéré.

Èmi lò ó ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀. 250 wáàtì ni. Okùn ni mo fi so ó mọ́ àjà ṣẹ́ẹ̀dì wa, mo sì rò pé mo so ó dáadáa. Ní òru ọjọ́ kan, mo dìde láti lọ tọ̀, mo kàn ń gbóòórùn nǹkan bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun irun ewúrẹ́. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, iná náà ti já bọ́ sórí èérún pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, èérún ti dúdú ní ìwọ̀n abọ́ ìfọwọ́ kan, eteetí rẹ̀ ń pọ́n wẹ́wẹ́. Àwọn òròmọdìyẹ wà ní igun kejì, wọn ò ké rárá. Mo fi ọwọ́ lásán kó wọn sínú aṣọ mi. Àwọn ọmọ mi ń sùn ní yàrá tó kọjú sí ṣẹ́ẹ̀dì yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ́ pé gílóòbù nìkan ló rí, kó fi ṣéènì irin so ó ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má fi ti ìdè ara rẹ̀ nìkan ṣe. Kó sì yẹ páálí rẹ̀ wò: gílóòbù tí wọ́n fi Teflon bò (ohun tí wọ́n fi ń bo inú ìkòkò kí oúnjẹ má bàa lẹ̀), èéfín rẹ̀ ń pa adìyẹ. Èèyàn inú yàrá kò ní mọ nǹkan kan, adìyẹ á kú.

Màmá Ìbejì, ẹ tún jẹ́ kí n fi kún un: ẹ yọ ìwé ìròyìn kúrò lábẹ́ wọn bó bá jẹ́ òun ni ẹ tẹ́. Ó ń yọ̀, itan wọn á máa ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èérún pákó ni kí ẹ tẹ́, kó nípọn.

Ìyá Ọlọ́gbà (Milton Keynes), 13 oṣù kẹwàá

Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá Ìbejì. Ti oúnjẹ ni tèmi.

Ẹ dá ẹ̀kọ àti ìrẹsì dúró lónìí. Èkíní, kò ní èròjà tí ọmọ ń fẹ́. Èkejì, òfin ilẹ̀ yìí kò gbà á. Ní UK, ohunkóhun tó bá ti gba inú kíṣìnì kọjá, a ò gbọ́dọ̀ fún adìyẹ jẹ, ì báà jẹ́ adìyẹ ẹyọ kan tí a ń fi ṣeré. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, torí pé nílé wa, ìdí ìkòkò ni adìyẹ ń jẹ. Àjàkálẹ̀ àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ti ọdún 2001 ló jẹ́ kí wọ́n le mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì dáa ká fi ọ̀rọ̀ àrùn ṣeré.

Oúnjẹ òròmọdìyẹ wẹ́wẹ́ ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ chick crumbs sí lára, tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ bí 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ní oògùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nínú. Òun ni wọn á jẹ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ tó bọ́ sí gírówà, oúnjẹ àwọn adìyẹ tó ń dàgbà. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ àwọn adìyẹ ńlá tó ń yé o. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀, ó ń ba kíndìnrín ọmọ jẹ́.

Omi wọn, kó wà nínú abọ́ tí kò jìn, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa rì sí i. Ọmọ adìyẹ tó bá tutù nínú omi lálẹ́ òtútù, ẹ lè má bá a láàárọ̀.

Mo fẹ́ béèrè: ṣé ẹ ti forúkọ adìyẹ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Láti 1 oṣù kẹwàá 2024 ló ti di dandan ní England àti Wales, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan lẹ ní. Ọ̀fẹ́ ni. Tí àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu bá bẹ́ sílẹ̀ nítòsí yín nígbà òtútù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ pé kí wọ́n kìlọ̀ fún yín.

Màmá Ìbejì, 13 oṣù kẹwàá

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Méjì ni ẹsẹ̀ wọn tutù lánàá. Mo gbé wọn sáyà títí di aago méjìlá kọjá. Ọ̀kan jí, ó tilẹ̀ ń gun ọrùn mi. Èkejì kò lágbára, ó kú ní ìdájí. Ó ku mẹ́fà.

Mo ti ra pátákó náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò látòkèèrè, mo bá fọwọ́ ti méjì sábẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù gbọ́ pé ariwo dáwọ́ dúró, ni wọ́n bá wọlé tẹ̀lé wọn. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, òní ni ilé wa kọ́kọ́ dákẹ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Ṣakí (Ṣakí), 15 oṣù kẹwàá

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Yìnyín kò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tọ́ òròmọdìyẹ nínú ọyẹ́ Òkè Ògùn mọ òtútù díẹ̀. Ọ̀sán á mú janjan, òru á wá tutù débi tí àgbà á máa wá aṣọ kún aṣọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, nínú gbogbo ọmọ adìyẹ tí mo ti pàdánù sínú ọyẹ́, àwọn tí afẹ́fẹ́ há mọ́ ló pọ̀ jù. Ní ọdún kan, a ní ọgọ́rin òròmọdìyẹ tí a fẹ́ tà lọ́dún Àjíǹde. Atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an, mo bá fi ọ̀rá dí gbogbo ojú fèrèsé àti abẹ́ òrùlé, mo gbé ìkòkò èédú méjì sáàárín. Inú mi dùn pé ilé móoru bí ìdí ààrò. Ní òwúrọ̀, àwọn tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn nìkan ló ń rìn. Àwọn yòókù kò ní ọgbẹ́, wọn ò ya ìgbẹ́, wọ́n kàn dùbúlẹ̀. Èéfín èédú tí a kì í fojú rí ló pa wọ́n. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "O ràdọ̀ bò wọ́n, o gbàgbé imú wọn." Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Láti ìgbà náà, mo máa ń dí ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí ẹsẹ̀ wọn wà, kí atẹ́gùn má fẹ́ wọn lára. Lókè lọ́hùn-ún, ju orí wọn lọ, mo máa ń ṣí i sílẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan yí ká. Afẹ́fẹ́ á jáde, kò sì ní fẹ́ lu ọmọ. Màmá Ìbejì, bí ẹ bá fẹ́ gbé wọn jáde sí ilé ìta, ẹ má dí òkè o.

Alágbàtọ́ (Minnesota), 15 oṣù kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣakí ti sọ ọ́ tán. Níbi tí mo wà, ó ń tutù dé −20°C, nígbà mìíràn ó tún ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì gbé iná sí ilé adìyẹ mi. Adìyẹ tó ti hùyẹ́ tán ní aṣọ lára, ooru inú ara rẹ̀ lé ní 40°C. Ohun tó ń bá wọn jà ni ọ̀rinrin. Wọ́n ń mí èémí olómi, ìgbẹ́ wọn kún fún omi. Tí kò bá rọ́nà jáde, á lẹ̀ mọ́ ogbe orí wọn, á di yìnyín síbẹ̀, ogbe á dúdú, á sì já.

Èmi rò pé ọ̀rọ̀ yín ní England tilẹ̀ le ju tèmi lọ. Òtútù tiwa gbẹ. Tiyín jẹ́ ti òjò, ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ ń tutù. Tí ẹ bá wọ ilé wọn láàárọ̀, ẹ fọwọ́ pa ògiri inú. Tó bá ń ṣe omi, ẹ tún ihò kan dá sókè. Kí ẹ sì kúnlẹ̀ kí imú yín bá ibi tí orí wọn wà. Òórùn ìgbẹ́ tí ẹ kò gbọ́ lóròó lè ti máa ta wọ́n lójú nísàlẹ̀.

Màmá Ìbejì, 20 oṣù kẹwàá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan nínú wọn ń ti ìdí sẹ́yìn, ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn níbẹ̀ bí símẹ́ǹtì. Ṣé kí n fà á ya?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn), 20 oṣù kẹwàá

Ẹ má fà á o, Mà. Awọ rẹ̀ á bá a lọ. Ẹ fi òwú rírọ̀ rin omi lílọ́wọ́rọ́, ẹ fi lé e lórí, kí ẹ mú sùúrù títí á fi rọ̀, kó máa yọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ nu ún gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà sábẹ́ pátákó, kí ẹ sì fi Vaseline díẹ̀ pa á. Ibi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde wà lábẹ́ ìrù gan-an. Àpá kékeré tó wà lábẹ́ ikùn, ìdodo nìyẹn. Àwọn kan máa ń já a nípa àṣìṣe, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òtútù tí wọ́n jẹ ní alẹ́ àkọ́kọ́ ló sábà ń fà á.

Níwọ̀n bí mo ti wà níbí, ẹ ṣọ́ra fún ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí kẹfà. Ibi tó bá lọ́ wọ́rọ́ tó sì rin ni kòkòrò rẹ̀ ń fẹ́, ìyẹn ni pé àpótí tí omi dà sí nínú kíṣìnì yín bá a mu ju oko lọ. Ẹ máa kó èérún tó bá rin dànù lójoojúmọ́, pàápàá yí ká abọ́ omi. Bí ọ̀kan bá sorí kọ́, tí ó wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè, tí kò jẹun, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ kàn sí dókítà ẹranko ládùúgbò yín. Oògùn Amprolium ni a sábà ń pò sómi fún wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ bó bá tètè dé.

Màmá Ìbejì, 14 oṣù kọkànlá

Mẹ́fà ni wọ́n ṣì jẹ́! Ìyẹ́ ti bò wọ́n, àyàfi abẹ́ ikùn. Wọ́n ti ń fò jáde nínú àpótí, wọ́n ń ya ìgbẹ́ sí orí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọkọ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pé, kí wọ́n máa lọ síta. Níta, 6°C ni mo rí láàárọ̀ yìí. Ẹ gbà mí.

Nọ́ọ̀sì Leeds, 14 oṣù kọkànlá

Bí ó bá jẹ́ oṣù kárùn-ún ni, ma ní ẹ gbé wọn jáde lónìí. Ní oṣù kọkànlá, ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Bàbá Alágò, 14 oṣù kọkànlá

Mo gbà pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kì í ṣe ti ìjókòó nínú kíṣìnì. Ẹni tó bá ti 20°C bọ́ sínú 4°C lójijì, ara rẹ̀ ò ní gbà á, ì báà hùyẹ́ bí ẹyẹ idì. Ẹ pa pátákó lọ́sàn-án láti òní. Ní ọjọ́ kẹta-kẹrin, ẹ pa á lóru pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àpótí wọn lọ síbi tí kò ní ẹ̀rọ amúlémóoru: gárèjì, tàbí ìloro ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀, ẹ kó wọn sórí koríko fún wákàtí kan ní ọ̀sán. Ọjọ́ tí ẹ óò kó wọn jáde pátápátá, òwúrọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí wọ́n lè mọ ilé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ilé kékeré ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ń ṣe ilé ńlá fún adìyẹ mẹ́fà, wọ́n á wá máa ráhùn òtútù. Èmi máa ń gbé àpótí pákó kan sínú ilé náà, tí òrùlé rẹ̀ kò ga ju orí wọn lọ púpọ̀, tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí n kó straw (pòròpórò ọkà gbígbẹ) kún un. Wọn á wọ ibẹ̀ lálẹ́, wọn á fara ti ara, ooru tiwọn á tó wọn. Straw o, kì í ṣe koríko tútù tí wọ́n sá gbẹ, ìyẹn ń tètè bu.

Ìyá Ọlọ́gbà, 15 oṣù kọkànlá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti eku mọ́ ọn. Ìgbà òtútù ni eku ń wá oúnjẹ kiri, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò sì tíì lè bá eku ńlá jà. Wáyà adìyẹ tí gbogbo wa ń rà yẹn, eku á já a, kékeré inú wọn á gba ojú rẹ̀ kọjá. Wáyà líle tí ihò rẹ̀ kò ju 13 mílímítà lọ ni kí ẹ kàn, kó wọ ilẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ sì máa gbé oúnjẹ wọlé lálẹ́.

Ẹ má sì da wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ìyá mẹ́ta yẹn báyìí. Wọn á ṣá wọn lórí. Ẹ fi wáyà pààlà sáàárín kí wọ́n máa rí ara wọn, títí àwọn ọmọ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn ga.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ (Birmingham), 15 oṣù kọkànlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ohun kan tí mi ò rí nínú ohun tí ẹ sọ ni ọ̀rọ̀ òkùnkùn. Ní oṣù kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́jọ ni oòrùn ń yọ, kò sì ní tó aago mẹ́rin tí á fi wọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Adìyẹ kì í jẹun nínú òkùnkùn. Wákàtí mẹ́rìndínlógún láìjẹun pọ̀ jù fún ọmọ tó ń dàgbà. Tèmi ti ọdún tó kọjá rù gan-an kí n tó mọ̀. Mo gbé iná kékeré kan sókè tó ń tàn fúnra rẹ̀ láti aago márùn-ún àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àárọ̀ ni mo yàn, nítorí bí iná bá kú lójijì lálẹ́, ibi tí òkùnkùn bá wọn ni wọ́n á sùn, wọn ò ní rójú padà sínú àpótí.

Bàbá Alágò, 15 oṣù kọkànlá

Ọmọ mi, o ṣeun. Èmi náà máa lò ó.

Màmá Ìbejì, 6 oṣù kínní

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Wọ́n ti wà níta láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ mi ò sùn. Mo wọ kóòtù, mo fi tọ́ọ̀ṣì lọ wò wọ́n ní aago kan, mo tún lọ ní aago mẹ́rin. Mo ti ọwọ́ bọ inú straw, abẹ́ wọn móoru bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ní àárọ̀ mo fọwọ́ pa ògiri bí ẹ ṣe kọ́ mi, omi ń sun níbẹ̀. Ọkọ mi gbẹ́ ihò méjì sókè lábẹ́ òrùlé lọ́jọ́ náà, ó fi wáyà bo ojú rẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó gbẹ.

Omi wọn ń di yìnyín báyìí. Mo ti pààrọ̀ abọ́ ike sí ti rọ́bà. Tó bá dì, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́, yìnyín á já bọ́, mo á da omi lílọ́wọ́rọ́ sí i láàárọ̀ àti ní ọ̀sán.

Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ akọ, ogbe wọn ti pọ́n. Ọ̀kan ti ń gbìyànjú láti kọ. Ilé wa lẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, mi ò fẹ́ kí wọ́n fẹjọ́ ariwo sùn.

Nọ́ọ̀sì Leeds, 6 oṣù kínní

Ẹ tètè bá ẹni tó lóko sọ̀rọ̀, kí àwọn akọ yẹn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ dáadáa. Nínú ọmọ méjì, ẹ máa retí pé ọ̀kan á jẹ́ akọ. Ó dùn mí lọ́dún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pa ọmọ ló ti yẹ ká ti mọ ibi tí àwọn akọ yóò lọ.

Màmá Ìbejì, 29 oṣù kẹta

Ẹ kú àsìkò yìí o. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ gbọ́. Àkùkọ mẹ́ta ti lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú wa, a lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn abo mẹ́ta ti ń bá àwọn ìyá mẹ́ta sùn lórí ọ̀pá kan náà. Gírówà ni gbogbo wọn ń jẹ, mo gbé ìkarahun fífọ́ sọ́tọ̀ nínú abọ́ fún àwọn tó ń yé.

Láàárọ̀ yìí, Táíwò sáré wọlé, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹyin kan ni, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wà lára rẹ̀. Inú straw tó wà nínú àpótí Bàbá Alágò ló ti bá a, ó ṣì móoru. Pupa inú wọn ló yé e, èyí tó jọ ìyá wọn.

Mo ti kan ìdè kejì mọ́ ilẹ̀kùn ilé wọn. Lálaalẹ́, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì ka orí wọn kí n tó tì í. Mẹ́fà ni wọ́n lálẹ́ àná.